Ìbéèrè àti Ìdáhùn Lórí Fídíò Ìrìn-Inú-Ilé: Bí Kámẹ́rà Ṣe Lè Rìn Geere Láìpa Kọ̀ǹpútà

Ilé ń hù ní Ìkòròdú lójoojúmọ́, láti Ìgbógbó títí dé Ìmọ́tà. Kí bíríkìlà tó to búlọ́ọ̀kù àkọ́kọ́, ọ̀pọ̀ onílé ló ti fẹ́ rìn yí inú ilé náà ká lójú fídíò. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe nìyẹn, mo sì ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ pẹ̀lú. Ìbéèrè tí àwọn ọmọ iṣẹ́, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ LASUSTECH (yunifásítì sáyẹ́ǹsì àti ìmọ̀ ẹ̀rọ ti Ìpínlẹ̀ Èkó) àti àwọn oníbàárà máa ń bi mí ló wà nísàlẹ̀ yìí. Ohun tí mo gbà gbọ́ tọkàntọkàn ni pé kí ẹ tó tẹ bọ́tìnì rẹ́ńdà, ìyẹn èyí tó ń ní kí kọ̀ǹpútà ya àwòrán fídíò jáde, ni fídíò ti dára tàbí bàjẹ́.

Ta ló nílò fídíò yìí? Ṣé àwòrán tó dúró sójú kan kò tó ni?

Fún ọ̀pọ̀ ilé, ó tó. Ẹni tó ń kọ́ búńgálò oníyàrá méjì, ẹ ya àwòrán mẹ́rin tó dáa fún un, ẹ má gba owó fídíò lọ́wọ́ rẹ̀. Fídíò wúlò níbi tí èèyàn kò ti lè mọ bí yàrá kan ṣe so mọ́ èkejì: ilé alájà, ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí, ilé ìwé, tàbí ọ̀wọ́ ilé tí wọ́n fẹ́ tà.

Àwọn tó ń jèrè rẹ̀ jù ni àwọn èèyàn wa tó wà lókè òkun, tí wọ́n ń fowó ránṣẹ́ kọ́lé. Pláànù kì í yé púpọ̀ nínú wọn. Ìlà lásán ni wọ́n ń rí. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá wo fídíò, tí wọ́n rí i pé bí àlejò bá ṣe wọ pálọ̀ báyìí, inú ilé ìdáná lojú rẹ̀ ń bọ́ sí, wọ́n á fọhùn kí a tó gbẹ́ ìpìlẹ̀. Àtúnṣe orí kọ̀ǹpútà kì í ná ẹnikẹ́ni ní àpò sìmẹ́ǹtì kan.

Ẹ̀gbọ́n, kọ̀ǹpútà mi kò lágbára. Ṣé mo lè ṣe é báyìí?

Ẹ lè ṣe é, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ mú bírò, kí ẹ ṣírò. Àwòrán tó ń tẹ̀ lé ara wọn kíákíá ni fídíò, fíréèmù sì ni a ń pe ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Sinimá ń lo fíréèmù 24 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tẹlifíṣọ̀n tiwa níbí ń lo 25, ti Amẹ́ríkà ń lo 30. Tí ẹ bá lo 25, fíréèmù 1500 ló wà nínú fídíò ìṣẹ́jú kan. Tí kọ̀ǹpútà yín bá ń fi ìṣẹ́jú mẹ́ta ya ọ̀kọ̀ọ̀kan, wákàtí 75 nìyẹn, ìyẹn ọjọ́ mẹ́ta àti wákàtí mẹ́ta láìsinmi. Tí ẹ bá mú un wá sí ìṣẹ́jú kan, ó di wákàtí 25. Tí ẹ bá mú un wá sí ìṣẹ́jú àáyá 20, wákàtí mẹ́jọ àti ogún ìṣẹ́jú ni: ẹ lè gbé e kalẹ̀ kí ẹ tó lọ sùn.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ló wà níkàáwọ́ yín: bí fídíò ṣe gùn tó, bí àwòrán ṣe fẹ̀ tó, àti iye àkókò tí fíréèmù kan ń gbà. Fóònù ni ọ̀pọ̀ oníbàárà yóò fi wò ó, 1920 × 1080 sì ti tó. Ìlọ́po mẹ́rin ojúàmì (pixel) rẹ̀ ló wà nínú 3840 × 2160, bẹ́ẹ̀ sì ni 1280 × 720 kò tó ìdajì rẹ̀. Fún ìdánwò, 1280 × 720 yẹn ni kí ẹ lò.

Kí ẹ tó dá ọjọ́ fún ẹnikẹ́ni, ẹ rẹ́ńdà fíréèmù mẹ́ta péré: ọ̀kan níta níbi tí igi pọ̀ sí, ọ̀kan ní pálọ̀, ọ̀kan nínú yàrá tó ṣókùnkùn jù. Ẹ kọ àkókò tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gbà sílẹ̀. Èyí tó pẹ́ jù ni kí ẹ fi ṣírò, kí ẹ wá fi àkókò tí iná kò ní sí kún un.

Sọ́fítíwíà wo ló dára jù?

Èyí tí ọwọ́ yín ti mọ́. Ọ̀fẹ́ ni Blender. Ọ̀nà rẹ́ńdà méjì ló wà nínú rẹ̀: Cycles ń ṣírò ìmọ́lẹ̀ fínnífínní, EEVEE sì yára jù ú lọ dáadáa. Lumion, Twinmotion, Enscape àti D5 Render máa ń mú iṣẹ́ yá gan-an, ṣùgbọ́n wọ́n nílò graphics card tó ní agbára tirẹ̀. Tí kọ̀ǹpútà yín kò bá ní irú rẹ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú EEVEE, tàbí pẹ̀lú fídíò tí SketchUp fúnra rẹ̀ ń gbé jáde. Mo ti rí fídíò SketchUp lásán, tí kò ní dídán kankan lára, tí onílé lóye rẹ̀ tí ó sì fọwọ́ sí i lójú ẹsẹ̀, nítorí pé kámẹ́rà rẹ̀ rìn dáadáa.

Àwòṣe ilé mi, ìyẹn ilé 3D tí mo kọ́ sínú kọ̀ǹpútà, wúwo débi pé kò ṣeé yí lójú kọ̀ǹpútà. Kí ni kí n gé kúrò?

Ẹ kọ́kọ́ pinnu ibi tí kámẹ́rà máa gbà. Ìbéèrè tó tẹ̀ lé èyí dá lórí rẹ̀. Tí ẹ bá ti mọ̀ ọ́n, ohunkóhun tí kámẹ́rà kò ní rí kò ní iṣẹ́ kankan nínú fáìlì náà. Igi òrùlé, irin ìpìlẹ̀, páìpù inú ògiri, gbogbo rẹ̀ ló máa ń bá àwòṣe wá láti Revit tàbí ArchiCAD, àwọn sọ́fítíwíà tí a fi ń ya pláànù ilé. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ sínú fáìlì ìkọ́lé, kí ẹ ṣe ẹ̀dà mìíràn fún fídíò. Bẹ́ẹ̀ náà ni bẹ́ẹ̀dì àti wọ́díróòbù inú yàrá tí a kò ní wọ̀.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni kí ẹ wá wo ẹrù tí ẹ wà jáde láti orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ibẹ̀ ni ìṣòro máa ń wà, kì í ṣe ara ilé náà. Ògiri tó tẹ́jú kò gba nǹkan kan. Gbogbo ògiri fùláàtì oníyàrá mẹ́ta lè má ju ẹgbẹ̀rún díẹ̀ polygon (ojú pẹlẹbẹ kéékèèké tí kọ̀ǹpútà fi ń kọ́ nǹkan) lọ. Ṣùgbọ́n igi kan ṣoṣo tí wọ́n ya ewé rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, tàbí àga oníkúṣìn kan tí wọ́n ya okùn ìránṣọ rẹ̀, lè ní ọ̀kẹ́ àìmọye. Ẹ ṣí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn nínú fáìlì tirẹ̀ kí ẹ tó kó o wọlé. Tí ẹ bá rí i pé ó wúwo ju ilé lọ, ẹ wá òmíràn, tàbí kí ẹ fi Decimate inú Blender dín in kù. Àwọn igi tó wà lókèèrè, àwòrán pẹlẹbẹ tó kọjú sí kámẹ́rà ti tó fún wọn.

Ohun tó bá ń tún ara rẹ̀ ṣe, ẹ má ṣe dà á kọ. Ilé wa níbí kún fún irú ẹ̀: irin ojú fèrèsé, àwọn òpó kéékèèké ara bálíkónì, àga ilé ìjọsìn. Nínú SketchUp, ẹ sọ ọ̀kan di Component kí ẹ tó pọ̀ ọ́n. Nínú Blender, Alt+D ni kí ẹ lò dípò Shift+D. Kọ̀ǹpútà á gbé ẹyọ kan ṣoṣo sórí, á sì máa fi í hàn níbi gbogbo. Ẹ tún wo bí nǹkan roboto ṣe yí tó. Bí SketchUp bá ya òbírípo fúnra rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ 24 ló ń fún un. Òpó bálíkónì tó tín-ín-rín kò nílò ju mẹ́jọ lọ, ojú kò ní mọ ìyàtọ̀.

Àwòrán tí a fi bo ara ògiri àti ilẹ̀ náà ń jẹun púpọ̀. Àwòrán táìlì tó jẹ́ 4096 × 4096 ń gba nǹkan bíi 64 MB nínú ìrántí kọ̀ǹpútà tó bá tú jáde tán, bó ti wù kí fáìlì JPG rẹ̀ kéré tó. Èyí tó jẹ́ 1024 × 1024 ń gba 4 MB. Ẹ fi èyí tó tóbi sílẹ̀ fún ohun tí kámẹ́rà máa sún mọ́ gan-an, bíi ilẹ̀kùn àbáwọlé.

Tí ẹ bá ṣe gbogbo èyí tán, ẹ fi Purge Unused pa ohun tí a kò lò mọ́ rẹ́, kí ẹ sì pín fáìlì sí méjì: ìta ilé lọ́tọ̀, inú ilé lọ́tọ̀.

Ibo gan-an ni kí kámẹ́rà gbà?

Ẹ tẹ pláànù náà sórí ìwé, kí ẹ mú pẹ́ńsù. Kámẹ́rà dà bí àlejò tí onílé ń mú káàkiri ilé tuntun: ó gba ẹnu géètì wọlé, ó wo iwájú ilé, ó wọ pálọ̀, ó yíjú díẹ̀ wo ibi ìjẹun, ó gòkè lọ wo yàrá ńlá, ó sì parí rẹ̀ ní bálíkónì. Kò gba inú ògiri kọjá, kò sì fò wọlé lójú fèrèsé. Kò sẹ́ni tó ń mú àlejò lọ wo ṣalángá ọmọ ọ̀dọ̀. Ẹ fa ìlà yẹn sórí pláànù, ẹ jẹ́ kó yí rọ́bọ́tọ́ níbi igun, kó sì gba àárín ẹnu ilẹ̀kùn kọjá.

Lẹ́yìn náà, ẹ gé ìlà náà sí wẹ́wẹ́. Ọ̀pọ̀ ọmọ iṣẹ́ ló máa ń fẹ́ kí kámẹ́rà rìn láti géètì dé òkè láìdúró rárá, wọ́n rò pé ibẹ̀ lọgbọ́n wà. Mi ò fara mọ́ ọn. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ tóóró tó wà láàárín yàrá sí yàrá kò ní ohun tí oníbàárà fẹ́ rí. Ibẹ̀ ni ojú ti máa ń sú u, bẹ́ẹ̀ fíréèmù ibẹ̀ ń gba àkókò bíi ti pálọ̀. Ẹ ṣe é ní ìpín-ìpín, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá mẹ́fà sí mẹ́wàá, kí ó sì ní ìrìn kan ṣoṣo nínú: bóyá kí kámẹ́rà tẹ̀ síwájú, tàbí kó fara gbá sí ẹ̀gbẹ́, tàbí kó yíjú. Tó bá ń ṣe méjì pọ̀, kí ọ̀kan nínú wọn kéré gan-an. Ìpín mẹ́jọ sí mẹ́wàá ti tó fún ilé alájà kan, kí gbogbo rẹ̀ má sì ju ìṣẹ́jú kan àti ààbọ̀ lọ.

Pípín yìí náà ló ń mú kí iṣẹ́ ṣeé gbé. Ìpín kan lè bàjẹ́ kí mẹ́sàn-án yòókù wà láìní àléébù. Ẹ lè rẹ́ńdà méjì lálẹ́ òní, méjì lálẹ́ ọ̀la.

Nínú Blender, ẹ ya Curve kan (ìlà ọ̀nà), kí ẹ fi Follow Path so kámẹ́rà mọ́ ọn. Ẹ wá fi Empty kan (àmì lásán tí kì í hàn nínú fídíò) síwájú kámẹ́rà, kí ẹ lo Track To láti fi jẹ́ kí kámẹ́rà máa wò ó. Báyìí, ẹsẹ̀ àti ojú ti pínyà: ọ̀nà ń gbé ẹsẹ̀ lọ, Empty ń darí ojú. Kí ojú ìdarí (control point) orí Curve náà má pọ̀. Mẹ́ta tàbí mẹ́rin ń fúnni ní ìrìn tó dán. Bí ẹ bá ti ń fi kún un láti fi tún ibi kéékèèké ṣe, bẹ́ẹ̀ ni kámẹ́rà á ṣe máa fì sọ́tùn-ún fì sósì.

Báwo ni kí kámẹ́rà ṣe yára tó?

Èèyàn tó ń rìn lójú títì ń rin nǹkan bíi mítà 1.4 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Nínú fídíò, ìyẹn yára jù, nítorí pé ẹni tó ń wò kò lè yí ọrùn rẹ̀ bó ṣe wù ú. Nínú ilé, mítà 0.6 sí 0.9 ló dáa. Pálọ̀ tó gùn tó mítà mẹ́fà, tí kámẹ́rà bá ń rin 0.8, á gba ìṣẹ́jú àáyá méje àti ààbọ̀. Níta ilé ẹ lè yára díẹ̀ sí i. Ọgbà orí pulọ́ọ̀tì kan níbí, ẹsẹ̀ bàtà 60 lọ́nà 120, jẹ́ nǹkan bíi mítà 18 lọ́nà 36. Ẹ ò ní láti rìn ín tán.

Kí ló dé tí fídíò mi fi ń ta gìrì, tó ń dúró, tó tún ń sáré?

Ohun mẹ́ta ló máa ń fà á.

Èkíní ni àkókò láàárín ojú ibùdó kan sí èkejì. Nínú SketchUp, àwọn Scene ni ibùdó. Tí Scene Delay kò bá sí ní òdo, kámẹ́rà á máa dúró ní ibùdó kọ̀ọ̀kan. Ẹ lọ sí Animation Settings kí ẹ sọ ọ́ di òdo. Síbẹ̀, àkókò Scene Transition kan náà ló ń lò láàárín gbogbo ibùdó. Tí ibùdó méjì bá jìn síra ní mítà mẹ́wàá, tí méjì mìíràn sì jìn síra ní mítà méjì, kámẹ́rà á sáré ní ibì kan, á sì fà ní ibòmíràn. Ìwòsàn rẹ̀ ni kí ẹ to àwọn ibùdó náà sí ìwọ̀n jíjìnnà kan náà.

Èkejì wà nínú Blender. Tí ẹ bá fi keyframe (àmì tó ń sọ ibi tí kámẹ́rà gbọ́dọ̀ wà ní àkókò kan) mẹ́fà sójú ọ̀nà, ọ̀nà Bezier tó ń lò látìbẹ̀rẹ̀ lè mú kí kámẹ́rà rọra dúró kó tún rọra gbéra ní ibùdó kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi keyframe méjì péré sílẹ̀, ti ìbẹ̀rẹ̀ àti ti òpin, kí ẹ ṣí Graph Editor kí ẹ wo ìlà náà. Ìlà tó bá gbé sókè tó tún rẹlẹ̀ níbi tí kò yẹ, ibẹ̀ ni ojú ti ń rí ìtagìrì.

Ẹ̀kẹta, kámẹ́rà ń yíjú yára jù. Èyí ni mo máa ń rí jù lọ, ó sì máa ń bá fídíò tí gbogbo nǹkan yòókù rẹ̀ dára jẹ́. Bí kámẹ́rà bá ń yíjú, gbogbo àwòrán ló ń sún pọ̀; ní fíréèmù 25, ojú á máa rí i bí ẹni pé ògiri ń fò. Àwọn oníṣẹ́ kámẹ́rà ní òdiwọ̀n kan fún èyí: ohun tó bá wọlé láti etí kan àwòrán kò gbọdọ̀ dé etí kejì kí ìṣẹ́jú àáyá méje tó pé. Pẹ̀lú lẹ́ńsì 24 mm, tó ń rí nǹkan bíi dígírì 74, yíyíjú dígírì 90 yóò gba ìṣẹ́jú àáyá mẹ́jọ sí mẹ́sàn-án. Ó gùn, mo mọ̀. Ìdí nìyẹn tí gígé sí ìpín fi dára ju yíyíjú lọ. Tí ẹ bá sì tan Motion Blur pẹ̀lú Shutter 0.5, ara àwòrán á rọ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè gba kámẹ́rà tó ń sáré là.

Gíga kámẹ́rà àti lẹ́ńsì ńkọ́?

Mítà 1.5 sí 1.65 láti ilẹ̀, ibi tí ojú èèyàn wà. Nínú yàrá kékeré, ẹ lè sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sí 1.3 kí ilẹ̀ àti àjà lè hàn dọ́gba. Kámẹ́rà gbọ́dọ̀ wo iwájú gbọọrọ. Tó bá gbójú sókè tàbí wolẹ̀, igun ògiri á máa dà sí ẹ̀gbẹ́.

Lẹ́ńsì 24 mm dára nínú ilé, 35 mm níta. Mo ń bẹ̀ yín, ẹ yéé lo 14 mm láti fi sọ yàrá ẹsẹ̀ bàtà 10 lọ́nà 10 di gbọ̀ngàn. Onílé á kó wọ ilé náà lọ́jọ́ kan, bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ni yóò sì fi wọn yàrá náà.

Báwo ni kámẹ́rà ṣe máa gun àtẹ̀gùn?

Ní tòótọ́, kó má gùn ún ló sàn jù. Ẹ jẹ́ kí ìpín kan parí ní ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn, kí èyí tó tẹ̀ lé e bẹ̀rẹ̀ lókè. Tó bá pọn dandan, bíi nígbà tí àtẹ̀gùn náà gan-an jẹ́ ẹwà ilé, ẹ má jẹ́ kó máa gbé ẹsẹ̀ lé ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹ fa ìlà rẹ̀ bí òkè tó rọra ga, ní ìwọ̀n gíga ojú kan náà láti orí ìgbésẹ̀, kí ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin ìlà náà tẹ́ díẹ̀díẹ̀.

Ojú ilẹ̀ ń ṣẹ́jú, irin fèrèsé ń mì, àwọn àmì kéékèèké ń jó lára ògiri. Kí ni?

Àrùn mẹ́ta tó yàtọ̀ síra ni, oògùn wọn kò sì jọra.

Ojú ilẹ̀ tó ń ṣẹ́jú láàárín àwọ̀ méjì: ojú nǹkan méjì ló wà ní ibi kan náà, táìlì àti kọnkéré ìsàlẹ̀ rẹ̀. Kọ̀ǹpútà kò mọ èyí tó wà lókè. Ẹ gbé táìlì sókè ní mìlímítà márùn-ún, tàbí kí ẹ pa ojú tó wà nísàlẹ̀ rẹ́. Ẹ tún wo Clip Start kámẹ́rà, ibi tó sún mọ́ jù tó ti ń ríran: tó bá kéré jù, tí Clip End, ibi tó jìnnà jù tó ń rí dé, sì jìnnà jù, ṣíṣẹ́jú yẹn á pọ̀ sí i. Mítà 0.1 dára fún ìbẹ̀rẹ̀.

Irin fèrèsé, nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn, páànù onílà lórí òrùlé: ìlà tín-ín-rín tó sún mọ́ra ni wọ́n. Láti ọ̀ọ́kán, ìlà kan kò tó ojúàmì kan lórí àwòrán, nítorí náà ó ń yọ, ó ń wọlé bí kámẹ́rà ti ń rìn. Nẹ́ẹ̀tì ló burú jù. Ẹ má ya okùn rẹ̀ rárá. Ojú pẹlẹbẹ kan tó ní àwọ̀ eérú, tí ìmọ́lẹ̀ ń là kọjá díẹ̀, ti tó. Fún irin, ẹ mú un nípọn díẹ̀ sí i nínú ìpín tí a ti ń wo ilé lókèèrè, kí ẹ sì fi kún samples, ìyẹn iye ìgbà tí kọ̀ǹpútà ń ṣírò ojúàmì kọ̀ọ̀kan.

Àmì tó ń jó lára ògiri, ìmọ́lẹ̀ ni kò tíì tó. Inú yàrá tí fèrèsé rẹ̀ kéré ló ti ń ṣẹlẹ̀ jù. Denoise, irinṣẹ́ tó ń nu irú àmì bẹ́ẹ̀ kúrò, máa ń pa á mọ́ nínú àwòrán tó dúró, ṣùgbọ́n nínú fídíò ó lè sọ ọ́ di àbàwọ́n tó ń rọra rìn. Ẹ fi kún samples, ẹ dín gílóòbù kéékèèké kù, kí ẹ fi Area Light kan sójú fèrèsé láti ran oòrùn lọ́wọ́. Tó bá jẹ́ pé kámẹ́rà nìkan ló ń rìn, tí ohunkóhun mìíràn kò mira, ẹ lè bake ìmọ́lẹ̀ náà: kọ̀ǹpútà á ṣírò rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, á sì lo ìṣirò kan náà fún gbogbo fíréèmù. Jíjó yẹn tán nìyẹn.

Báwo ni kí n ṣe gbé oòrùn sí i?

Ẹ kọ́kọ́ sọ fún sọ́fítíwíà pé Ìkòròdú ni ilé wà. Ọ̀pọ̀ àdàkọ tí a ń wà jáde ni wọ́n ti so mọ́ ìlú òkè òkun, níbi tí oòrùn kì í ga, tó sì ń ti ìhà gúúsù wá ní ọ̀sán.

Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Ìkòròdú wà ní nǹkan bíi dígírì 6.6 sí àríwá ìlà tó pín ayé sí méjì. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹrin àti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹsàn-án, oòrùn ọ̀sán máa ń dúró ṣánṣán lókè orí wa. Láàárín àkókò méjèèjì yẹn, apá àríwá ló ń wà. Nínú oṣù Kẹfà, ó ń fi nǹkan bíi dígírì 17 yẹ̀ síbẹ̀. Nínú oṣù Kejìlá, ó ń fi nǹkan bíi dígírì 30 yẹ̀ sí gúúsù. Nítorí gígùn àgbáyé tí a wà, kì í ṣe aago méjìlá gan-an ló ń ga jù. Láàárín aago méjìlá ààbọ̀ sí aago kan ni.

Ohun tó ń ti ibẹ̀ jáde ni pé oòrùn ọ̀sán kì í wọ yàrá wa jìnnà. Fídíò tí ìmọ́lẹ̀ wúrà ti wọ pálọ̀ dé ìdí àga ní aago kan ọ̀sán ń ṣe ìlérí tí oòrùn Ìkòròdú kò ní mú ṣẹ. Tí ẹ bá fẹ́ òjìji gígùn tó dùn ún wò, ẹ lo nǹkan bí aago mẹ́jọ ààbọ̀ àárọ̀ tàbí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Ẹ sì wo fèrèsé tó kọjú sí ìwọ̀-oòrùn dáadáa ní ìrọ̀lẹ́ yẹn: tí yàrá ọmọ bá wà níbẹ̀, ẹ sọ fún onílé pé yóò gbóná. Fídíò yín ti ṣe é ní oore ńlá nìyẹn.

Ẹ má jẹ́ kí oòrùn máa rìn nígbà tí kámẹ́rà ń rìn.

Kí ni kí n fi yí ilé náà ká?

Àdúgbò tó wà níbẹ̀. Ẹ lọ ya fọ́tò ojú ọ̀nà, ẹ ya ilé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ní àpótí funfun lásán, ẹ fi ògiri ọgbà àti géètì sí i. Ẹ fi ilé jẹnẹrétọ̀, táńkì omi, kànga ẹ̀rọ àti sọ́kàwéè síbi tí pláànù fi wọ́n sí, nítorí pé ibẹ̀ ni onílé ti ń rí i pé táńkì ti bo fèrèsé yàrá. Ọ̀gẹ̀dẹ̀, àgbọn àti máńgòrò ni igi wa. Tí ojú ọ̀nà bá jẹ́ ilẹ̀ pupa, ẹ ya ilẹ̀ pupa. Àwọn tó ń fi fídíò ta ilẹ̀ fún ẹni tó wà lókè òkun, tí wọ́n ya títì ọ̀dà àti iná ojú pópó síbi tí koríko ṣì wà, èmi kò ní bá wọn ṣe é. Owó iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún ni ẹni yẹn ń fi ránṣẹ́.

Iná lọ nígbà tí rẹ́ńdà ti dé ìdajì. Ṣé mo máa bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ ni?

Tó bá jẹ́ MP4 ni ẹ sọ pé kó gbé jáde tààrà, ó ṣeé ṣe kí fáìlì náà má ṣí mọ́, nítorí pé kò rí àyè pa ara rẹ̀ dé. Nítorí náà, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. PNG ni kí ẹ máa gbé jáde, fíréèmù kọ̀ọ̀kan ní fáìlì tirẹ̀, nínú fóldà kan fún ìpín kọ̀ọ̀kan. Tí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá tó 3 MB, 1500 rẹ̀ á gba nǹkan bíi 4.5 GB, ẹ wá àyè sílẹ̀ fún un. Tí iná bá lọ ní fíréèmù 640, ẹ ó bẹ̀rẹ̀ láti 640.

Nínú Blender, ẹ pa Overwrite lábẹ́ Output, á sì máa fo èyí tó ti wà. Tí ẹ bá ní kọ̀ǹpútà méjì tó ń wo fóldà kan náà, ẹ tan Placeholders pẹ̀lú, wọ́n á pín iṣẹ́ náà láàárín ara wọn. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí iná bá lọ, ẹ wá fáìlì tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ òdo, kí ẹ pa á rẹ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ Blender á rò pé ó ti yá. Ẹ gbé kọ̀ǹpútà àgbéká sórí tábìlì, kì í ṣe sórí bẹ́ẹ̀dì: tó bá gbóná jù, á dín eré rẹ̀ kù fúnra rẹ̀.

Tí gbogbo PNG bá pé, DaVinci Resolve ọ̀fẹ́ tàbí Video Sequencer inú Blender á so wọ́n pọ̀ di fídíò láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹ rántí pé fíréèmù 25 ni ẹ fi ṣírò. Tí ẹ bá so wọ́n pọ̀ ní 30, gbogbo ìrìn yín ti yára sí i.

WhatsApp ba fídíò mi jẹ́. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ fi ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bíi Document, kò ní fún un pọ̀. MP4 oní-H.264 ni kó jẹ́, kí gbogbo fóònù lè ṣí i. Ní 8 Mbps, ìṣẹ́jú kan jẹ́ nǹkan bíi 60 MB. Fún àgbàlagbà tí dátà rẹ̀ kò pọ̀, ẹ ṣe ẹ̀dà 1280 × 720 tó fúyẹ́.

Ṣé fídíò yìí lè dípò pláànù tí ìjọba fọwọ́ sí?

Rárá o. LASPPPA ló ń fúnni ní ìwé àṣẹ ìkọ́lé ní Ìpínlẹ̀ Èkó, LASBCA ló sì ń bójú tó ilé nígbà tí a bá ń kọ́ ọ. Àwòrán tí ayàwòrán ilé tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ARCON (ìgbìmọ̀ tó ń forúkọ àwọn ayàwòrán ilé sílẹ̀ ní Nàìjíríà) fọwọ́ sí, àti ti ẹnjiníà, ni wọn yóò béèrè. Kí bíríkìlà má fi fídíò kọ́lé.

Oníbàárà ní kí n yí àwọ̀ ògiri padà, bẹ́ẹ̀ mo ti rẹ́ńdà tán.

Ẹ wo ìpín tí ògiri yẹn ti hàn. Bóyá méjì péré ni nínú mẹ́wàá. Méjì yẹn nìkan ni kí ẹ tún ṣe. Ṣùgbọ́n ó sàn kí ọ̀rọ̀ má dé ibẹ̀ rárá. Kí ẹ tó rẹ́ńdà gidi, ẹ fi fídíò aláìláwọ̀ ránṣẹ́ sí i, èyí tó kéré, tí gbogbo nǹkan jẹ́ eérú, kó lè fọwọ́ sí ìrìn kámẹ́rà. Lẹ́yìn náà, ẹ fi fíréèmù kan láti inú ìpín kọ̀ọ̀kan ránṣẹ́ ní àwọ̀ rẹ̀ pípé, kó fọwọ́ sí àwọ̀ ògiri, táìlì àti kọ́tìnnì. Ẹ ní kó kọ ọ́ sílẹ̀ lórí WhatsApp pé òun fara mọ́ ọn, kí ẹ sì sọ fún un ṣáájú iye àtúnṣe tó wà nínú owó tó san. Ẹ̀yìn èyí ni kí ẹ tan kọ̀ǹpútà sílẹ̀ mọ́jú.